Ta Ló Kọ́ Kọ̀ǹpáílà Mi Ní Ìdọ̀bálẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n tú ohun tó wà nínú mi jáde. Inú ń bí mi! Mo ti ń gbé e mì tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ṣẹ́gun kọ sínú gúrúùpù ẹgbẹ́ kóòdù wa ní ìjẹta ló jẹ́ kí n sọ pé rárá, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kòkòrò kọ̀ǹpáílà yìí ti wọ orí mi.

Ọjọ́ òjò kan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsì, ní Ketu l'Ékòó, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ mọ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀, kò sí oníbàárà. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń kọ ètò kékeré kan tó máa bá mi to ojú ìwé. Ìlà márùn-ún kan náà ni mò ń kọ lákọtúnkọ, ó sì ti sú mi. Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò ìlà márààrún. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé èèyàn lè kọ́ kọ̀ǹpáílà tó ń gba ọ̀rọ̀ tuntun wọlé, ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ àwọn tí kò mọ ara wọn rí, kí gbogbo rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ló kọ ọ́.

Mo kà á, mo tún un kà. Ẹnì kan ti wọlé, ó ń fi ọwọ́ kan káńtà, mi ò gbọ́. Ìgbà tó bú mi ni mo tó gbójú sókè.

Fún ẹni tí kò mọ̀: kọ̀ǹpáílà ni ètò tó ń ka ohun tí èèyàn kọ, tó ń tú u wò, tó sì ń sọ ọ́ di iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, á ní òun ò gbà. Àwọn tó dá èdè kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀ ti pinnu ọ̀rọ̀ tó máa wà níbẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ni Yorùbá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ní bọ́ọ̀sì? Ta ló fọwọ́ sí i kó tó ní fóònù? Nǹkan dé, a pè é lórúkọ, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sáàárín àwọn tó bá nílé bí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí èdè kọ̀ǹpútà lè ṣe nìyẹn.

Mi ò lọ sí yunifásítì kankan fún un. Orí fóònù ni mo ti kà á, mo sì ń fi ẹ̀rọ ara mi tẹ èyí tó bá le jáde (àǹfààní kan ṣoṣo tó wà nínú fọ́tòkọ́pì nìyẹn!). Mo kọ́ ọ, mo tú u, mo tún un kọ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Kọ̀ǹpáílà. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò kàn sọ ni.

Bí mo ṣe kọ́ ọ rèé. Èdè ìpìlẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó kéré, ó mọ níwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun á kọ àfikún tirẹ̀ sínú fáìlì tirẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà, ohun tó túmọ̀ sí, ó tán. Kò ní fọwọ́ kan ìpìlẹ̀. Kò tilẹ̀ ní mọ ohun tí ẹlòmíì ń kọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àfikún méjì lè dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n dé ojú kan náà kí wọ́n dìjà. Bí ìyàwó ilé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ọbẹ̀ sè, ṣùgbọ́n ìdáná kan ṣoṣo ló wà. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ ẹnubodè sí i. Kí àfikún tó wọlé, á kọ́kọ́ dúró níwájú ẹnubodè ní òun nìkan, á sì gba ìdánwò méjì. Àkọ́kọ́, gbólóhùn tuntun rẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tìrẹ bẹ̀rẹ̀, kí kọ̀ǹpáílà lè mọ̀ pé ìwọ ló ń bọ̀. Èkejì, o ò gbọdọ̀ yí ohun tó lè tẹ̀lé gbólóhùn ìpìlẹ̀ padà. Bí èdè ìpìlẹ̀ bá ní ọ̀rọ̀ kì í tẹ̀lé nọ́ńbà tó dá dúró, o ò lè dé kó o wá fi ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e.

Àfikún tó bá yege ìdánwò méjèèjì yìí, a lè kó o pọ̀ mọ́ ogún mìíràn tó yege, kọ̀ǹpáílà kò ní dojú rú nígbà tó bá ń kà wọ́n. Èyí kì í ṣe àdúrà o. Ìṣirò ni! Ìyẹn gan-an ló mú mi bí oògùn ìfẹ́.

A ní ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán Sátidé, àwa tá a fẹ́ràn kóòdù ní Ketu àti agbègbè rẹ̀. Àgbà wa ni Ọ̀gá Gàní, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní kóòdù àkọ́kọ́, lórí pátákó, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà tó tó wa kárí. Ṣẹ́gun ló kéré jù nínú àwa tá a jẹ́ òpó ẹgbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ̀ǹpáílà tí gbogbo wa jọ ń lò wà. Òun ló ń kó àfikún pọ̀, òun ló sì ń fi ètò tó bá jáde ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó ń lò ó.

Ẹni àkọ́kọ́ tó lò ó ni Alhaja Ṣìfáwù, olórí láìnì àwọn onítòmátì kan ní ọjà Mile 12. Wọ́n wá ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ń ráhùn. Láìnì wọn máa ń da owó pọ̀ gba ọkọ̀ akẹ́rù kan láti Òkè Ọya. Apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń fọ́, kò sì sí ẹni tó yàn kí tòun wà nísàlẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé gbogbo wọn ni yóò jọ ru òfò náà, bí ẹrù oníkálukú bá ṣe tó. Wọ́n ní ìṣirò yẹn ló ń dá ariwo sílẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ tí ọkọ̀ bá dé.

Mo kọ àfikún ìpín fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni mo fi kọ ọ́. Alhaja fúnra wọn á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: kó 40 Alhaja 25 Ṣadé 30 Múdà. Ní ìlà kejì: bàjẹ́ 19. (Kó àti bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwọlé tèmi; inú gbólóhùn tèmi nìkan ni orúkọ ti ń tẹ̀lé nọ́ńbà.) Ètò náà á dáhùn pé Alhaja ru mẹ́jọ, Ṣadé ru márùn-ún, Múdà ru mẹ́fà. Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́ tó? Alhaja ò mọ̀ pé kóòdù làwọn ń kọ. Wọ́n rò pé àwọn ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ni, wọn ò sì jayò pa.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àríyànjiyàn rọlẹ̀. Ìgbà tó yá, láìnì ní àwọn fẹ́ kí ètò náà mọ apẹ̀rẹ̀ ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Ọ̀gá Gàní ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn. Inú mi dùn! Àgbà bíi tiwọn fẹ́ kọ àfikún fún kọ̀ǹpáílà tèmi? Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn láti sin àbúrò bàbá mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ìṣẹ́yìn yẹn náà ni ìpè Alhaja ti bá mi. Wọn ò kí mi.

“Bùkọ́lá, tó o bá dé, wá kó nǹkan ẹ kúrò lórí fóònù mi.”

Mo ní kí ló dé, Mummy. Wọ́n ní kí n dé ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọkọ̀ dé láàárọ̀, Alhaja tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ètò náà ní Alhaja ló ni gbogbo ẹrù inú ọkọ̀. Gbogbo ẹ̀! Ṣadé, òdo. Múdà, òdo. Múdà yìí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gba fóònù, ó sì ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún gbogbo láìnì. Ó ní ó ti yé òun wàyí, ìdí tí Alhaja fi fẹ́ràn fóònù yìí ju àdúrà lọ.

Àwọn tó ti ń ta ọjà lẹ́bàá Alhaja láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye ìgbà tó ti rí bẹ́ẹ̀ tí àwọn ò mọ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Oòrùn mú, tòmátì kì í sì í dúró de ìgbẹ́jọ́. Omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tó dé láìfọ́. Láìnì ní àwọn máa yan olórí tuntun ní ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀, àfi tí Alhaja bá lè ṣàlàyé ara wọn.

Obìnrin tó ń fi ojoojúmọ́ dá ìjà dúró! Orúkọ wọn ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́, nítorí ètò tí èmi kọ.

Kí ni Ṣẹ́gun wá kọ sínú gúrúùpù? Ó ní kọ̀ǹpáílà Aunty Bùkọ́lá ti dá wàhálà sílẹ̀ ní Mile 12 o, àmọ́ àwọn ń wò ó. Ẹlòmíì ní ó yẹ ká ti máa lo kọ̀ǹpáílà gidi látilẹ̀. Kọ̀ǹpáílà gidi! Ọ̀gá Gàní fúnra wọn pè mí, ohùn wọn rọ̀ bí ti ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, pé iṣẹ́ ńlá ni kọ̀ǹpáílà, àwọn tó gboyè lórí rẹ̀ gan-an ń ṣubú. Mo ní ẹ ṣé, sà. Eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ níbi tí mo ti ń pa á mọ́ra.

Mo padà sí Ketu, mo jókòó ti ẹ̀rọ. Ẹ̀dà kọ̀ǹpáílà kan wà lọ́dọ̀ mi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn. Mo gbé àfikún Ọ̀gá Gàní síwájú ẹnubodè rẹ̀. Kíá, ó fèsì: gbólóhùn rẹ kò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé; o sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tẹ̀lé nọ́ńbà níbi tí èdè ìpìlẹ̀ kò gbà á. A dá a padà.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kéèyàn lè kọ 40 ńlá, 25 kékeré, bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Ó wuyì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpáílà bá dé orí 40, tó rí ọ̀rọ̀ níwájú, ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀ fún un. Àfikún tèmi ní ẹni tó ni ẹrù ló kàn. Àfikún Ọ̀gá ní òṣùwọ̀n ló kàn. Ó gba ọ̀nà ti Ọ̀gá, ó ka Alhaja, Ṣadé àti Múdà sí irú apẹ̀rẹ̀ tí kò mọ̀, ó sì rò wọ́n pọ̀ bí apẹ̀rẹ̀ lásán. Kò wá ku orúkọ ẹlẹ́rù kankan. Bí kò bá sí orúkọ, ètò náà máa ń gbé ẹrù fún ẹni tó ṣí i. Ta ló ṣí i? Alhaja!

Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé, báwo ló ṣe kọjá ẹnubodè? Ká tiẹ̀ ní ó kọjá, kí ló dé tí kọ̀ǹpáílà ò fi pariwo nígbà tó dé oríta? Kọ̀ǹpáílà tí mo kọ́ kì í dákẹ́ ní oríta.

Mo pe Ṣẹ́gun wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi èsì ẹnubodè hàn án. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

“Aunty, èmi náà rí i. Ó dá a padà.”

“O rí i?”

“Ọ̀gá Gàní, Aunty! Àwọn tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ṣé kí n wá gbé fóònù kí n ní wọ́n fèèlì ni?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí Ṣẹ́gun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ṣe. Wọ́n wọ inú ẹnubodè mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àfikún bá ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Gàní wá, kí ó máà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún kọ ọ́ pé níbikíbi tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀, kí kọ̀ǹpáílà mú ti Ọ̀gá, kó sì máà sọ̀rọ̀. Ṣẹ́gun nìkan kọ́ o! Gbogbo wọn ló fẹnu kò. Wọn ò jẹ́ kí Ọ̀gá mọ̀, wọn ò sì bi mí, nítorí wọ́n mọ ohun tí mo máa sọ.

Mo bi í pé Alhaja ńkọ́. Ó ní àwọn ò rò pé ó máa dé ibẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Ọ̀gá. Ó ní òun á yọ ọ́ kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́, ká sọ pé kọ̀ǹpáílà ló ṣàṣìṣe, kí gbogbo ẹ̀ kú síbẹ̀.

“Kọ̀ǹpáílà ò kúkú ní ojú tá a máa tì, Aunty.”

Òótọ́ ni. Kọ̀ǹpáílà ò lójú. Ṣùgbọ́n Alhaja ní! Èmi náà ní! Ṣé ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ojú ní Ketu?

Mo lọ sí Mile 12 lọ́jọ́ kejì láti bẹ Alhaja. Ọkọ̀ mìíràn ti dé. Láìnì wọn ní àṣà kan tí mo ti máa ń rí tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí mi ò rò mọ́ nǹkan kan. Kí wọ́n tó pín ẹrù, wọ́n á da apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan oníkálukú sórí tapólì. Ẹlòmíì ló ń yan èyí tí wọ́n máa dà, kì í ṣe ẹni tó ni ín, kí wọ́n lè rí i pé ohun tó wà nísàlẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè. Ti olórí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dà.

Lọ́jọ́ yẹn, Múdà ló yan ti Alhaja. Ẹni tó pè wọ́n lólè! Ó wá apẹ̀rẹ̀ tó jìnnà jù lọ, ó dà á sórí tapólì, ó fẹsẹ̀ tú u ká. Alhaja dúró, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó parí, wọ́n ní ó kan tiẹ̀ báyìí.

Mo bi wọ́n bóyá kò dùn wọ́n. Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé.

“Tí wọ́n bá fò mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Bùkọ́lá, ọjọ́ yẹn ni mo di olè.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mò ń lọ sílé Ọ̀gá Gàní, kí Ṣẹ́gun máa bínú lọ.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìtùnú yẹn. Mo ní sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Mo ṣí lápútọ́ọ̀pù, mo gbé àfikún wọn síwájú ẹnubodè lójú ara wọn. Ó dá a padà.

Wọ́n fa gíláàsì wọn sísàlẹ̀ imú. Wọ́n kà á. Wọ́n mú bírò, wọ́n ya igi gbólóhùn náà sẹ́yìn ìwé ìròyìn kan, ẹ̀ka méjì láti ara nọ́ńbà kan ṣoṣo.

“Ó tọ̀nà,” ni wọ́n sọ. “Èmi ni mo jẹ̀bi. Báwo ló ṣe wá wọlé?”

Mo sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo ti mọ Ọ̀gá Gàní láti ìgbà tí mo ti ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, mi ò rí i kí inú bí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe sí ẹnubodè. Kì í ṣe sí mi. Wọ́n pe Ṣẹ́gun lórí fóònù, wọ́n ní kó fi sí ibi tí gbogbo àwọn tó kù á ti gbọ́. Wọn ò pariwo.

“Òkú nìkan ni wọn kì í bá jiyàn, Ṣẹ́gun. Ṣé ẹ ti sin mí ni?”

Wọ́n ní ọdún tí àwọn fi ń kọ́ni, kò sí ọjọ́ tí àwọn ò sọ fún ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n wo ìṣirò àwọn bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni àwọn wá di ẹni tí wọ́n ń fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́ fún, bí ẹni ń fi àìsàn pamọ́ fún arúgbó? “Ẹ̀yin rò pé ẹ bọ̀wọ̀ fún mi, ẹ wá jẹ́ kí n máa tu Bùkọ́lá nínú lórí ẹ̀bi tèmi,” ni wọ́n wí. Èyí ni mo gbà pé ó dùn wọ́n jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ọ̀gá Gàní wọ ẹ̀wù wọn tó dára jù, a jọ lọ sí ìpàdé láìnì. Wọ́n dìde láàárín àwọn onítòmátì, wọ́n ní àwọn ló kọ nǹkan tó gbé ẹrù gbogbo wọn fún Alhaja, Alhaja ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo fi fóònù hàn wọ́n: pẹ̀lú àfikún Ọ̀gá, láìsí i. Wọ́n gbé e yí ká lọ́wọ́ ara wọn. Mo ṣàlàyé oríta, àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pé ti àgbà ni kó máa mú.

Múdà gbé ojú sókè. “Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ń sọ pé kọ̀ǹpútà yìí dọ̀bálẹ̀ ni?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Gàní gan-an rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan ní ìdọ̀bálẹ̀ tó jẹ òun ní tòmátì, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn olówó ní Magodo. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ olórí tuntun mọ́. Alhaja ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ń wo Múdà, títí tó fi dìde tó sì wá kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní kó dìde, pé ọ̀la ni àwọn máa yan apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí?

Ní ìjẹta, Ṣẹ́gun kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé àṣìṣe díẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpáílà Aunty Bùkọ́lá ti yanjú, ẹ ṣé fún sùúrù yín. Àṣìṣe díẹ̀! Nínú kọ̀ǹpáílà mi! Kọ̀ǹpáílà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bò lẹ́nu! Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù orúkọ rẹ̀, ìwọ ń pè é ní díẹ̀? Ó pè mí lẹ́yìn náà pé òun ò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń tú àṣírí Ọ̀gá síta. Ọ̀gá tí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ ní Mile 12! Kò tíì yé e síbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ọ̀wọ̀ dára. Mò ń kúnlẹ̀ kí àgbà, mi ò sì ní dẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹnubodè kì í ṣe ibi ìkíni. Ẹni tó bá kọjá láìjẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò, ẹlòmíì tí kò sí níbẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀, ẹni náà ò sì ní mọ ibi tí ìyà ti wá. Bó o bá fẹ́ràn àgbà rẹ, jẹ́ kó gbọ́ “a dá a padà” lẹ́nu rẹ, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọjà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbi iṣẹ́ yín, ta ni wọ́n ń fò nígbà ìyẹ̀wò nítorí ipò tàbí ọjọ́ orí? Ta ló wá ru ẹrù rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, mò ń kà á. Bó o bá fẹ́, fi orúkọ pamọ́, àmọ́ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Àfikún òṣùwọ̀n ti wọlé báyìí. Ọ̀gá Gàní fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí i: ìwọ̀n 40 ńlá. Wọ́n ní ó burẹ́wà lẹ́nu, pé ta ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní sà, ẹnubodè ò mọ ẹwà. Wọ́n ní ó hàn lára ẹni tó kọ́ ọ. Ẹnubodè dá tiwọn padà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó gbà á, wọ́n sì pè mí láti fi yangàn. Lánàá, ó dá tèmi náà padà. Mo tún un ṣe.

Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹnubodè mọ́. Láàárọ̀ òní, mo kó gbogbo àfikún tó ti yege pọ̀ sójú kan náà, mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpáílà kà wọ́n tán. Àfikún: méjìlá. Ìjà: òdo.